Owó oṣù yín kò pé? Bí ẹ ṣe máa gbà á, láti orí ìwé kékeré dé ilé ẹjọ́

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe akọ̀wé owó oṣù ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe omi inú ọ̀rá n'Ìbàdàn. Èmi ni mo ń ṣírò owó, èmi ni mo ń gé e bí ọ̀gá bá ní kí n gé e, ojú mi náà sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wò nígbà tí wọ́n bá ka owó tán tí wọ́n tún un kà. Mo ti kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò, àwọn ọmọ ìjọ, àti àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń mú ọ̀rọ̀ owó oṣù wá bá mi. Ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn: òfin wà lẹ́yìn wọn, ìwé ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá ló ni gbogbo ìwé. Ìdí nìyí tí n óò fi pẹ́ lórí ìwé níbí, tí n kò sì ní pẹ́ lórí ilé ẹjọ́.

Òfin Nàìjíríà ni mo ń sọ o. Ẹni tó bá wà ní London tàbí Houston, tibẹ̀ yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ irú àìpé tó jẹ́

Oríṣi mẹ́ta ni owó tí kò pé, bí a sì ṣe ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan jà yàtọ̀ síra.

Èkíní ni owó tó kéré sí iye tí òfin là sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu àtúnṣe òfin owó oṣù tó kéré jù lọ. ₦30,000 tó ti wà láti 2019 di ₦70,000, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò sì máa tún un yẹ̀ wò báyìí, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ pé, "Ti ìjọba nìyẹn, èmi kì í ṣe ìjọba." Irọ́ ni. Òfin náà de ilé-iṣẹ́ aládàáni. Òfin sọ pẹ̀lú pé àdéhùn tí owó rẹ̀ bá kéré sí iye yẹn, òfo ni, ìbáà jẹ́ pé ẹ buwọ́ lù ú tẹ̀ríntẹ̀rín.

Àmọ́ ó yọ àwọn kan sílẹ̀: ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ odindi ọjọ́, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní iye ẹrù tó bá ṣe tàbí ní kọmíṣọ́ọ̀nù, iṣẹ́ àsìkò bíi ti oko, àti àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfuurufú. Nítorí náà, kí ẹ tó bínú, ẹ ka orí. Ẹ ka awakọ̀, ẹ ka obìnrin tó ń gbálẹ̀, ẹ ka àwọn tó ń wá ní ṣíìfù òru tí ẹ kì í rí. Ọ̀gá mi àtijọ́ mọ 25 yẹn ju bó ṣe mọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a di 24, ó fi orúkọ mìíràn forúkọ ilé-iṣẹ́ kejì sílẹ̀, ó kó àwọn awakọ̀ síbẹ̀. Géètì kan náà la sì jọ ń gbà wọlé, ọwọ́ mi kan náà ló ń san owó gbogbo wa. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: géètì kan, ọ̀gá kan, àkáǹtì kan. Ó máa wúlò.

Èyí tí àwọn ènìyàn tún máa ń ṣì mú ni iye tí àwọn gómìnà kéde ní 2024: Èkó ₦85,000, Ọ̀yọ́ ₦80,000, Ògùn ₦77,000. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wọn ni wọ́n ń sọ. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó wà n'Íkẹjà, ₦70,000 ni òfin fi dè é.

Èkejì ni owó tó kéré sí àdéhùn. Bí lẹ́tà yín bá sọ ₦120,000 tí ₦95,000 sì ń wọlé, kò kan òfin owó oṣù tó kéré jù lọ rárá, kò sì kan bóyá òṣìṣẹ́ pé 25. Gbèsè ni.

Ẹ̀kẹta ló pọ̀ jù, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í kà sí nǹkan: gígé owó. Ẹ pẹ́ dé níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n gé ₦2,000. Ọ̀rá omi bẹ́, wọ́n pín in sórí gbogbo ṣíìfù. Ẹ gbàgbé yúnífọ́ọ̀mù sílé, wọ́n gé e. Abala karùn-ún òfin tí wọ́n ń pè ní Labour Act kò gba ọ̀gá láyè láti gba ìtanràn lára owó oṣù, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú àdéhùn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó ṣe àìbìkítà títí nǹkan fi ṣòfò, ọ̀gá lè gé iye tó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ lébọ̀ ọ́físà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nínú ọdún mẹ́sàn-án mi, n kò fojú kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà ni mo sì ń gé owó ọ̀hún. Kódà èyí tí òfin fàyè gbà, àpapọ̀ rẹ̀ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ.

Nǹkan díẹ̀ sí i lórí èyí. Owó ni kí wọ́n fi san owó oṣù. Ilé-iṣẹ́ tó bá kó ọjà tí kò tà fún yín dípò owó kò tíì san nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí owó rẹ̀ kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ kì í san owó orí lórí rẹ̀. Bí ẹ bá rí owó orí lórí ìwé owó oṣù ₦70,000, ẹ béèrè ibi tó ń lọ. Àti pé ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni Labour Act wà fún. Mánẹ́jà àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ gíga kò sí nínú rẹ̀. Lẹ́tà àdéhùn wọn ni kí wọ́n dìrọ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé tiyín lónìí

Ẹ ra ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, olójú-ewé 40 tó. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ọjọ́, àkókò tí ẹ dé, àkókò tí ẹ lọ, àti ẹni tó ṣe ọ̀gá ṣíìfù lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ owó, ẹ kọ iye, bí wọ́n ṣe san án, àti ohun tí wọ́n ní àwọn gé. Bírò ni kí ẹ fi kọ ọ́, ẹ má ya ojú ewé kankan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó fi bírò kan náà kọ oṣù mẹ́fà, lọ́yà ọ̀gá máa rí i, adájọ́ náà máa rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́. Òfin ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti bí wọn yóò ṣe máa san án, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó dé ibi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ kì í fún ni. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má bá wọn jà. Ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ọ̀gá lọ́jọ́ tí owó bá wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo rí ₦50,000 gbà lónìí. Ṣé òun náà ni odindi owó oṣù mi fún oṣù Kẹsàn-án?" Bó bá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, kí ló dé?", ó ti kọ ìwé fún yín nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ẹ tún béèrè lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tí kò fèsì sí ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó yẹ kó ní àlàyé láti ṣe.

Owó ọwọ́ ló le jù. Mo mọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé ₦70,000 ni wọ́n kọ sórí ìwé tí òṣìṣẹ́ ń buwọ́ lù, tí wọ́n sì ń ka ₦45,000 sí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ̀ kò ní gba nǹkan kan lọ́jọ́ náà, mo mọ̀, ebi kì í gbọ́ àwáwí. Bí ẹ bá ní láti buwọ́ lù ú, ohun méjì ni kí ẹ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ lọ fi gbogbo owó náà, láìyọ kọ́bọ̀, sínú àkáǹtì báǹkì yín tàbí lọ́dọ̀ onípọ́ọ̀sì, kí ₦45,000 àti ọjọ́ rẹ̀ lè wà lákọsílẹ̀ níbì kan tí kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá. Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kejì yín níbi iṣẹ́: "Mo buwọ́ lu 70, mo gba 45. Ìwọ ńkọ́?" Èsì rẹ̀ di ẹ̀rí yín méjèèjì. Ìgbà kan ṣoṣo ò tó. Ẹ ṣe é lóṣooṣù.

Ẹ tọ́jú fóònù tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lórí rẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 84, ní ohun tó béèrè kí ilé ẹjọ́ tó gba nǹkan tó ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wá, ìwé ẹ̀rí kan sì wà tí lọ́yà máa ń kọ mọ́ ọn. Àwòrán ojú fóònù tí ẹnì kan kàn tẹ̀ jáde láìsí ìwé yẹn, wọ́n lè dà á nù. Ẹ gba státímẹ́ǹtì báǹkì pẹ̀lú, kí òǹtẹ̀ báǹkì wà lórí rẹ̀.

Ẹ má jí fáìlì ilé-iṣẹ́ o. Ẹ lè ya fọ́tò rósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, gbogbo ènìyàn ló ń rí i. Àmọ́ ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé, bí ẹ bá mú un, ẹ ti fún ọ̀gá ní ẹjọ́ tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò rẹ̀ dé kọ́bọ̀

"Wọ́n jẹ mí lówó púpọ̀" kì í ṣe iye. Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbi tí òṣìṣẹ́ ti lé ní 25, tó ń gba ₦45,000 láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 títí dé oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025. Ohun tó kù lóṣù kan ni ₦25,000; oṣù méjìlá, ₦300,000. Nínú oṣù méjìlá náà, wọ́n gé ₦2,000 nítorí pípẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn ₦8,000, wọ́n sì gé ₦5,000 nítorí díńgí tó fọ́. Àpapọ̀, ₦313,000. Ẹ kọ oṣù kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀: iye tó yẹ, iye tó wọlé, ìyàtọ̀.

Bí òṣìṣẹ́ bá pé 15 síbẹ̀, ẹ tún wo owó ìfẹ̀yìntì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí 8% wá láti ọwọ́ òṣìṣẹ́, kí 10% wá láti ọwọ́ ọ̀gá, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kó tó pé ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí owó oṣù wọlé. Ẹ bi wọ́n níbẹ̀ fún àkọsílẹ̀ yín. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń gé 8% lóṣooṣù tí ẹyọ kọ́bọ̀ kan kò dé ibẹ̀. Ìyà èyí gan-an ló máa ń dun ọ̀gá jù, n óò padà sí i.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ tó kọ ọ́

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà, ẹ má sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń bínú. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo wo owó oṣù mi, mo rí i pé kò tó ohun tí òfin sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Àwọn ọ̀gá kan wà tí akọ̀wé ló ń ṣì wọ́n lọ́nà, ọ̀rọ̀ náà á parí síbẹ̀. Mo rí méjì irú wọn.

Bí kò bá parí, lẹ́tà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Ẹ kọ orúkọ yín, iṣẹ́ yín, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ iye náà, kí ìṣirò ìgbésẹ̀ kẹta wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ fún wọn. Ọjọ́ 14 ni mo máa ń ní kí wọ́n fi sí i. Ẹ má kọ èébú, ẹ má kọ ìhàlẹ̀. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Kí ẹni tó gba lẹ́tà buwọ́ lu ẹ̀dà yín kó sì kọ ọjọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ẹ fi ímeèlì tàbí WhatsApp ránṣẹ́.

Ẹ̀rù tó ń ba gbogbo ènìyàn ni pé wọ́n á lé wọn. N kò ní tàn yín, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí òfin fún yín ni àkókò ìfitónilétí: ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó wà láàárín ọdún méjì sí márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá lé yín lójú ẹsẹ̀, owó àkókò yẹn di ara gbèsè, lílé náà kò sì pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí lẹ́tà jẹ́ ti ènìyàn púpọ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà. Ó rọrùn láti lé gbálẹ̀gbálẹ̀ kan, kò rọrùn láti lé mẹ́rìndínlógún lọ́jọ́ kan náà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ gbé e jáde síta

Bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wà níbi iṣẹ́ yín, wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Bí kò bá sí, ọ́fíìsì Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lébọ̀ ọ́físà ibẹ̀ ní agbára láti wọ ilé-iṣẹ́, kó ní kí wọ́n kó ìwé owó oṣù jáde. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín lọ, ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ sì máa padà lọ. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, ìsàlẹ̀ ló ń wà.

L'Ékòó, Citizens' Mediation Centre máa ń pe ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jókòó láìgba owó. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ẹ má gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ láàárín èèyàn méjì. Ẹni tó bá tan yín débẹ̀, ìdá tirẹ̀ nínú owó náà ló ń wá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ilé ẹjọ́

Láti ìgbà àtúnṣe kẹta ìwé òfin ilẹ̀ wa, ilé ẹjọ́ kan ṣoṣo ló ní agbára lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù: National Industrial Court. Ó wà l'Ékòó, n'Ìbàdàn, l'Ákùúrẹ́ àti láwọn ìlú mìíràn. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ọ̀pọ̀ ń sáré lọ sí ilé ẹjọ́ májísíréètì tó ń gba gbèsè kékeré, torí pé ó yá. Lọ́yà ọ̀gá máa jẹ́ kí ẹ ná owó, lẹ́yìn náà á dìde pé ilé ẹjọ́ yìí kò ní agbára, òdodo ló sì sọ.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. L'Ékòó, ọdún mẹ́fà ni òfin fún gbèsè àdéhùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oṣù mẹ́ta dẹ́rù bà yín: ní 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé òfin tó dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò kan àdéhùn iṣẹ́.

Bí ajẹ́ẹ̀ǹtì ló gbà yín tó sì rán yín lọ ṣọ́ géètì báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ ní kí lọ́yà kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé ẹjọ́. Ajẹ́ẹ̀ǹtì á sọ pé báǹkì ni, báǹkì á sọ pé ajẹ́ẹ̀ǹtì ni. Ilé ẹjọ́ yìí ti sọ ọ́ rí pé àwọn méjèèjì ni agbanisíṣẹ́.

Ohun tó máa dé bá ọ̀gá

Bí ẹ bá borí, yóò san gbogbo èyí tó jẹ sílẹ̀, pẹ̀lú èlé tí ilé ẹjọ́ bá fi lé e, títí kan èlé tí yóò máa gun orí owó náà lẹ́yìn ìdájọ́ títí yóò fi san án tán. Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ ní ìtanràn tirẹ̀. Ti Labour Act ni kí ẹ má rẹ́rìn-ín sí: ọ̀gá tó gé owó lọ́nà àìtọ́ lè san ìtanràn tí kò ju ₦800 lọ, ₦1,500 bó bá tún un ṣe. Ẹ kà á dáadáa, ẹgbẹ̀rin náírà. Kò tó owó ọkọ̀ rẹ̀ dé kóòtù. Nítorí náà, ẹ má fi ìtanràn yẹn halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo rí i pé àwọn ọ̀gá ń bẹ̀rù ni ti owó ìfẹ̀yìntì. Lórí gbogbo èyí tí wọn kò bá fi ránṣẹ́, ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 2% lóṣooṣù, ó sì ń gorí ara wọn. Ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ 40 tí kò fi owó ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta á jókòó gbọ́ yín bí ẹ bá dárúkọ ìṣirò yẹn.

Ìgbésẹ̀ 7: Lọ́jọ́ tí owó bá dé

Wọ́n á gbé ìwé kan síwájú yín pé ẹ ti gba gbogbo rẹ̀ tán, ẹ kò sì ní nǹkan kan mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má buwọ́ lù ú títí owó yóò fi hàn nínú àkáǹtì yín. Sọ́wédowó tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé kì í ṣe owó. Bí iye tí wọ́n san bá kéré sí ti ìṣirò yín, tí ẹ sì fẹ́ gbà á nítorí owó ilé tàbí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́ sókè ibi tí ẹ fẹ́ buwọ́ lù: "Mo gba ₦150,000 nínú ₦313,000." Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà fún wọn, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa wá a fún yín mọ́.